Agbálùmọ̀, Sóbò àti Bẹ́rì Òyìnbó: Òótọ́ àbí Irọ́?

Láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kẹrin, kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ gba Òṣòdì kọjá tí kò ní í rí agbálùmọ̀. Àwọn ìyá alátẹ á ti tò ó ní márùn-ún-márùn-ún. Oníbàárà á bẹ̀rẹ̀, á mú ọ̀kan, á tẹ̀ ẹ́ wò, ìyá á sì ké sí i pé, "Ẹ má tẹ̀ ẹ́ fún mi o! Dídùn ni gbogbo rẹ̀!" Ẹ̀gbẹ́ àtẹ yẹn náà ni ọmọ oní-sóbò gbé kúlà rẹ̀ kalẹ̀ sí. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìsọlọ̀ ńkọ́? Ọkùnrin kan ti dìde láàárín èrò, ó ti kí wọn tán, ó ti gbàdúrà ìrìn àjò, ó wá yọ ọ̀rá kékeré kan tó kún fún ìyẹ̀fun aláwọ̀ àlùkò. Ó ní bẹ́rì òyìnbó ni wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀: ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń fọ ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń mú ojú ríran kedere.

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò; kò sẹ́ni tó máa bá ọlọ́jà jà pé ó yin ọjà rẹ̀. Lóòótọ́ sì ni pé nǹkan wà nínú àwọn èso wọ̀nyí. Igi ló ṣe é fún ara rẹ̀: èyí tó ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn, èyí tó ń lé kòkòrò, èyí tó ń fi àwọ̀ pe ẹyẹ kí ó wá jẹ èso, kí ó sì gbé kóró rẹ̀ lọ síbòmíràn. Àwọn ohun wọ̀nyí náà ló ń mú kí agbálùmọ̀ máa fa ẹnu, tí sóbò fi pọ́n, tí tòmátì fi pupa. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti yẹ̀ wọ́n wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ti rí oore nínú wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni ìgbà tí a bá gbé ohun tí wọ́n rí nínú ewé fún èso, tí a gbé ohun tó ṣẹlẹ̀ lára eku fún ènìyàn, tí a sì sọ díẹ̀ di púpọ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta la ó máa bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Apá wo lára igi náà ni wọ́n yẹ̀ wò? Ara ta ni wọ́n ti dán an wò? Báwo ni èyí tí wọ́n lò ṣe pọ̀ tó?

1. "Kò sí bẹ́rì nílẹ̀ wa, òyìnbó ló ni ín."

IRỌ́. Àwọn onímọ̀ nípa igi kì í fi owó tàbí ìlú mọ bẹ́rì. Èso tó bá ti inú ìyá òdòdó kan ṣoṣo jáde, tí ara rẹ̀ rọ̀ láti ìta dé inú, tí kò sì ní èèpo líle bí igi tó bo kóró rẹ̀ bíi ti máńgòrò, bẹ́rì nìyẹn. Bẹ́rì ni agbálùmọ̀. Bẹ́rì ni àgbáyun, tòmátì, ata rodo, ìgbá àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó máa ya èèyàn lẹ́nu ni pé strawberry gan-an kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí: ìdí òdòdó rẹ̀ ló wú tó di ẹran tí à ń jẹ, àwọn wóró wẹ́wẹ́ tó wà níta ara rẹ̀ ni èso. Òun náà kò sì ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú kó tó dé Èkó, wọ́n ń gbìn ín ní agbègbè Jos, níbi tí òtútù ti wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àpò wa. Àwọn ohun aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń pè ní anthocyanin ló sọ blueberry di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Méjì nínú wọn, delphinidin àti cyanidin, ló tún fún ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò ní àwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí a kò bá fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Nítorí pé ìṣápá kò wọ́n, ojú oúnjẹ ọmọdé ni wọ́n fi ń wò ó, tí wọ́n á sì máa wá blueberry kiri nínú fíríìjì àwọn ilé ìtajà ńlá.

2. "Fítámínì C inú agbálùmọ̀ jẹ́ ìlọ́po 100 ti ọsàn, ìlọ́po 10 ti gúáfà."

IRỌ́, irọ́ tó sì ti wọ inú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá, tí ẹnì kan ń dà á kọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò sídìí láti lọ sí yàrá àyẹ̀wò kí a tó mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò lásán tó. 100 gíráàmù ọsàn ní nǹkan bí 53 mílígíráàmù fítámínì C. Ìlọ́po 100 rẹ̀ á jẹ́ 5,300. 100 gíráàmù gúáfà ní nǹkan bí 228 mílígíráàmù. Ìlọ́po 10 rẹ̀ á jẹ́ 2,280. Gbólóhùn kan náà ló bí iye méjì tí wọn ò jọra: èwo ni ká wá gbà?

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gba ti àkọ́kọ́. 5,300 mílígíráàmù ju gíráàmù márùn-ún lọ, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan tó kún fún fítámínì C pọ́ńbélé nínú agbálùmọ̀ díẹ̀. Acerola, èso ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru tí ayé mọ̀ mọ fítámínì C, kò ju nǹkan bí 1,700 lọ.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni kíkan. Wọ́n rò pé bí èso bá ṣe kan tó ni fítámínì C rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ wo ọsàn wẹ́wẹ́: ó kan ju ọsàn lọ fíìfíì, síbẹ̀ fítámínì C rẹ̀ kò ju nǹkan bí 29 mílígíráàmù nínú 100 gíráàmù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlàjì ti ọsàn. Ásíìdì oríṣiríṣi ló ń mú èso kan, fítámínì C kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni. Agbálùmọ̀ ní tirẹ̀ nínú, ó dára, ẹ jẹ ẹ́. Àgbàlagbà kò kúkú nílò ju 75 sí 90 mílígíráàmù lójúmọ́. Gúáfà kan péré lè pèsè gbogbo rẹ̀.

3. "Agbálùmọ̀ ń wo ìtọ̀ ṣúgà."

IRỌ́ ni fún ẹni tó ń jẹ èso. Ibí yìí gan-an ni ìbéèrè àkọ́kọ́ wa ti wúlò: apá wo? Àwọn onímọ̀ wa ní Nàìjíríà ti ṣiṣẹ́ lórí igi agbálùmọ̀, iṣẹ́ wọn sì yẹ ní yíyìn. Wọ́n rẹ ewé rẹ̀, wọ́n lọ ẹran inú kóró rẹ̀, wọ́n sì fi omi rẹ̀ fún eku tí wọ́n ti fi kẹ́míkà alloxan ba ibi tí insulin, ohun tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ti ń jáde lára rẹ̀ jẹ́. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku náà wálẹ̀. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn olùwádìí yọ ohun kan tó ń jẹ́ eleagnine jáde láti inú kóró kan náà. Wọ́n rí i pé ó ń dín ìrora àti wíwú kù lára ẹranko àyẹ̀wò, ó sì ń bá àwọn kòkòrò àìfojúrí kan jà.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń jẹ agbálùmọ̀. A ó tẹ̀ ẹ́, a ó fa omi rẹ̀ mu, a ó la ẹran rẹ̀ kúrò lára kóró, àwọn ọmọdé á máa rún èèpo inú rẹ̀ títí tí yóò fi di gọ́ọ̀mù lẹ́nu wọn. Kóró ńkọ́? A ó tu ú dànù, àfi ti ọmọ tó fẹ́ ta á lórí ilẹ̀. Ohun tí wọ́n yẹ̀ wò nínú ìwádìí gan-an ni à ń tu sílẹ̀. Èyí kò sì ní kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kóró mu o! Kò tíì sí ẹni tó wọn ìwọ̀n tí kò ní í pa ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín ènìyàn lára.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè jẹ agbálùmọ̀ ní ìwọ̀n gẹ́gẹ́ bí èso, kí ó sì ka ṣúgà inú rẹ̀ mọ́ ohun tó jẹ lọ́jọ́ náà. Àmọ́ kí ó má fi rọ́pò oògùn metformin rẹ̀ láé.

4. "Sóbò ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀."

ÒÓTỌ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ tán. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń polówó ní etí títì, èyí ló ní ẹ̀rí lára ènìyàn jù. Ní 2010, Diane McKay àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Tufts ní Boston tẹ ìwádìí kan jáde lórí àgbàlagbà 65 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru díẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní omi ìṣápá pupa, ife mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n fún àwọn yòókù ní omi mìíràn tí wọ́n ṣe kí ó jọ ọ́. Nọ́ńbà òkè lára ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru fi 7.2 wálẹ̀ lára àwọn tó mu ìṣápá, 1.3 ló fi wálẹ̀ lára àwọn tó kù. Àwọn olùwádìí ní Enugu náà ti gbé omi ìṣápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn ilé ìwòsàn lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ó sì ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè kẹta wá dé: báwo ló ṣe pọ̀ tó, kí ló sì wà nínú rẹ̀? Èyí tí wọ́n mu ní Boston, gíráàmù kan àti díẹ̀ ìṣápá ni wọ́n fi omi gbígbóná rẹ̀ sínú ife kọ̀ọ̀kan. Èyí tí à ń mu ní Òṣòdì, wọ́n ti da ata ilẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ òyìnbó sí i, èyí kò burú. Àmọ́ wọ́n á tún bu ṣúgà sí i, òmíràn á tún gba adùn inú páálí lé e. Ẹni tó ń mu ìgò méjì irú èyí lójúmọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, ó ń fi tòsì dà á nù.

Ohun mìíràn ni pé 7.2 yẹn kéré fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru dé 180. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, oògùn dókítà ló nílò. Bí ó bá sì ti ń lo oògùn, kí ó sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn pé òun ń mu sóbò lójoojúmọ́, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà lọ sílẹ̀ jù. Kí aboyún náà béèrè kó tó máa mu ún déédéé.

5. "Èso tí antioxidant rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń ṣara lóore jù."

IRỌ́. Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lára ọ̀rá ìyẹ̀fun yẹn, pẹ̀lú nọ́ńbà gàgàrà. Ibi tí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ti wá ni àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní ORAC: wọ́n á da omi èso sínú ìgò àyẹ̀wò, wọ́n á wo bí ó ṣe lè paná àwọn èérún kẹ́míkà tó ń ba nǹkan jẹ́. Ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà ṣe àkójọ nọ́ńbà wọ̀nyí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún oúnjẹ, wọ́n gbé e síta fún gbogbo ayé. Ní 2012, àwọn fúnra wọn yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní àwọn oníṣòwò ń lò ó nílòkulò, àti pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú ara.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ara kì í gba èyí tó pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí wọlé bí wọ́n ṣe wà. Ní 2013, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde níbi tí wọ́n ti fún ọkùnrin mẹ́jọ ní 500 mílígíráàmù anthocyanin tí wọ́n ti fi àmì sí, wọ́n wá ń tọpa rẹ̀ nínú ìtọ̀ àti nínú èémí wọn. Ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n lè fi hàn pé ó wọ ara. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n sì rí kò jọ anthocyanin mọ́, ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun wa náà ń bá wa ṣe nínú iṣẹ́ fífọ́ yẹn. Àwọn èérún wẹ́wẹ́ wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ gbà pé wọ́n ń bá iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣiṣẹ́, tí iṣan fi ń rọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń rọ́nà gbà.

Ṣé blueberry kò wá wúlò ni? Ó wúlò. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tọpa àwọn obìnrin 93,600 fún ọdún 18, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní 2013: àwọn tó ń jẹ blueberry àti strawberry ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀ kò ní ìkọlù ọkàn tó àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́, ó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín. Àmọ́ ẹni tó ń ra blueberry jẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ṣeé ṣe kó máa ṣe eré ìmárale, kó sì lówó dókítà lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ìwádìí tòótọ́ fi gbọ́dọ̀ pín èso fún àwọn kan, kí ó má fún àwọn kan. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Yunifásítì East Anglia, ní 2019: àwọn èèyàn 115 tó sanra jù, tí ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, fún oṣù mẹ́fà. Àwọn tó gba ìwọ̀n ife blueberry kan lójúmọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn rọ̀ sí i. Bí ara wọn ṣe ń gba insulin sí kò yí padà rárá. Ẹ ò rí i pé ìwádìí kan náà ló gbe ọ̀rọ̀ kan, tó já ọ̀rọ̀ kejì ní koro.

6. "Ẹni tó bá jẹ àgbáyun, kíkan á di dídùn lẹ́nu rẹ̀."

ÒÓTỌ́ pọ́ńbélé, kò sì sí idán níbẹ̀. Àwọn bàbá wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ kí òyìnbó tó gbọ́. Des Marchais, ará Faransé, rí i ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1725. Ní 1852, dókítà ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Daniell kọ̀wé pé àwọn aráalẹ̀ ń jẹ ẹ́ kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ àgbàdo tó ti kan tàbí mu ẹmu tó ti kan. Ní 1968 ni àwọn onímọ̀ wá yọ ohun inú rẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní miraculin. Purotéènì ni. Fúnra rẹ̀ kò dùn. Ó kàn máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn, bíi kọ́kọ́rọ́ tó wà lára àgádágodo tí ẹnì kan ò tíì yí. Ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń yí i, tí ahọ́n á sì kígbe pé ṣúgà dé. Bí nǹkan bí wákàtí kan bá kọjá, kọ́kọ́rọ́ á yọ, kíkan á padà sípò rẹ̀.

Èso mìíràn wà tí a ń fojú rénà. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín máa ń so èso pupa sí ìdí rẹ̀ nílẹ̀. Nínú ohun tó bo kóró èso yẹn ni wọ́n ti yọ thaumatin ní 1972, purotéènì tó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po bí 2,000. Ó ti di ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ ń lò kárí ayé, E957 ni nọ́ńbà rẹ̀ lára páálí nílẹ̀ Yúróòpù.

Ibi tí irọ́ ti wọ̀ ọ́ ni bí wọ́n ṣe ń sọ pé àgbáyun ń wo ìtọ̀ ṣúgà. Ó lè ran ẹni tó fẹ́ yẹra fún ṣúgà lọ́wọ́ láti gbádùn ẹ̀kọ kíkan láìbu ṣúgà sí i, ìyẹn nìkan náà sì wúlò. Ahọ́n ló tàn, kò tan inú. Ẹni tó bá fi í jẹ ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́wàá, ásíìdì mẹ́wàá náà ló gbé mì, ọgbẹ́ inú rẹ̀ á sì jẹ́ kó mọ̀.

7. "Iná ń pa gbogbo oore inú tòmátì, tútù ló dára jù."

IRỌ́ ni ìdajì, ÒÓTỌ́ ni ìdajì. Ní Yunifásítì Cornell ní 2002, wọ́n gbé tòmátì kaná ní ìwọ̀n ooru 88 ti Celsius fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Fítámínì C inú rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lycopene, ohun tó ń mú tòmátì pupa, ju ìlọ́po méjì lọ nínú èyí tí wọ́n lè fà yọ, nítorí pé iná tú ògiri tó há a mọ́ra palẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1997, àwọn ará Jámánì ti fún àwọn èèyàn ní tòmátì tútù àti tòmátì alágolo tó ki, pẹ̀lú òróró díẹ̀. Lycopene tó wọ ẹ̀jẹ̀ láti inú èyí tó ki fi ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ju ti tútù lọ ní góńgó rẹ̀.

Lycopene kò mọ omi, òróró ló mọ̀. Nítorí náà ìyá tó ra tòmátì ní ọjà Ìsọlọ̀, tó lọ̀ ọ́, tó sè é títí omi rẹ̀ fi gbẹ, tó wá fi òróró dín in, ti ṣe ohun tí yàrá àyẹ̀wò fẹ́ láìmọ̀. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló wà: òróró díẹ̀ ti tó. Ọbẹ̀ tí òróró léfòó lórí rẹ̀ ní ìka kan kò fi lycopene kún un. Fún fítámínì C, ẹ jẹ èso tútù lẹ́yìn oúnjẹ.

8. "Kápúsù dára ju èso lọ, torí ògidì ló wà nínú rẹ̀."

IRỌ́, èyí sì ti pa ènìyàn lára rí. Láyé ìgbà kan, àwọn onímọ̀ rí i pé àwọn tó ń jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó ní beta-carotene kì í fi bẹ́ẹ̀ ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n rọ ọ́ sínú oògùn. Ní Finland, wọ́n kó ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá jọ, wọ́n fún àwọn kan ní 20 mílígíráàmù lójúmọ́. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, ẹnu ya gbogbo ayé: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ lára àwọn tó lo oògùn náà ju àwọn tí kò lò ó lọ. Wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà lórí èèyàn tó ju 18,000 lọ. Nígbà tí wọ́n rí i pé ibì kan náà ni tiwọn ń forí lé, wọ́n yára dá a dúró ní 1996.

Kárọ́ọ̀tì kò pa ẹnikẹ́ni. Nínú èso, nǹkan wọ̀nyí wà níwọ̀nba, pẹ̀lú fáíbà, omi àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún nǹkan mìíràn. Bí a bá mú ọ̀kan ṣoṣo, tí a sọ ọ́ di ńlá, ó ti di oògùn nìyẹn, oògùn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ti dán wò bí oògùn.

9. "Cranberry ń wo infection."

ÒÓTỌ́ DÍẸ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n ń ta èyí fún ní Èkó. Àjọ Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí jọ láti mọ ibi tí ẹ̀rí tẹ̀ sí, wo ìwádìí 50 ní 2023. Ó rí i pé cranberry ń dín bí àrùn ojú ara tí ìtọ̀ ń gbà ṣe ń padà wá kù, ní nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún, fún obìnrin tó máa ń mú lemọ́lemọ́. Ìdí ni pé ohun kan nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí kòkòrò rí ara àpò ìtọ̀ dì mọ́. Kò rí ẹ̀rí pé ó wúlò bẹ́ẹ̀ fún aboyún. Ìdènà sì ni. Ẹni tí àrùn ti mú, tí ìtọ̀ ti ń ta, tí ibà ti dé sí i, oògùn ilé ìwòsàn ló máa wò ó. Bí ó bá jẹ́ pé àrùn ìbálòpọ̀ ni, cranberry kò dá sí i rárá.

10. "Ó ní nọ́ńbà NAFDAC, nítorí náà òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ sí i."

IRỌ́. Àwọn ará Ìsọlọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí, nítorí ọ́fíìsì NAFDAC wà níbẹ̀, lẹ́bàá òpópónà Òṣòdì sí Àpápá. Òfin 1993 tó dá àjọ náà sílẹ̀ ní kí ó máa bójú tó oúnjẹ àti oògùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá to àgbo tàbí ìyẹ̀fun ewé kan sínú ìwé wọn, wọn ò sọ pé ó ń wo àìsàn. Ẹ yí ọ̀rá náà padà, ẹ wá àwọn lẹ́tà tó kéré jù lọ ní ìsàlẹ̀. Ẹ óò rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ yìí wò. Lẹ́tà ńlá iwájú ọ̀rá, ẹnu olówò ni. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnu òfin ni.

Kí la wá fẹ́ jẹ?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ ó kéré tán 400 gíráàmù èso àti ẹ̀fọ́ lójúmọ́, wọn ò sì dárúkọ èso kankan pé òun ni ọba. Nítorí náà, ẹ jẹ èyí tó bá lóde: agbálùmọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ọsàn, gúáfà, ìbẹ́pẹ, ìyeyè nígbà òjò. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra, torí nǹkan tó wà nínú pupa yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú aláwọ̀ ọsàn. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan wọ́n kí ẹ tó gbé wọn sẹ́nu. Ẹ rẹ ìṣápá yín nílé, kí ẹ lè mọ iye ṣúgà tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ ọ́ di òwò, ilé ìwádìí FIIRO wà ní Òṣòdì níbẹ̀. Láti 1956 tí wọ́n ti dá ilé ìwádìí náà sílẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ sísọ ohun oko di ọjà tó ṣeé tà, ó sì ń kọ́ àwọn èèyàn ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Owó tí ẹ bá fi ra ọ̀rá ìyẹ̀fun kan nínú bọ́ọ̀sì lè ra èso ọ̀pọ̀ ọjọ́ fún gbogbo ilé. Kí ẹ sì tó ra á, ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè mẹ́ta náà sókè, kí èrò yòókù gbọ́: apá wo, ara ta ni, báwo ló ṣe pọ̀ tó? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ tẹ́tí sí i. Ẹni tó bá fi àdúrà dáhùn, ẹ ṣe àmín, kí ẹ pa owó yín mọ́.